Rọ́kẹ́ẹ̀tì Aládàáni: Àwọn Tó Pàtẹ́wọ́ àti Àwọn Tó Béèrè Pé "Owó Ta Ni?"

 

Ní oṣù keje ọdún 2021, màmá mi wà lọ́dọ̀ wa níbí ní Houston. Láàárọ̀ ogúnjọ́ oṣù náà, ọmọ mi obìnrin, tó jẹ́ ọmọ ọdún 13 nígbà náà, ti jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n kí n tó fọ ẹnu. Jeff Bezos tó dá Amazon sílẹ̀ fẹ́ wọ rọ́kẹ́ẹ̀tì tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀, Blue Origin, ṣe. Ìwọ̀-oòrùn Texas wa níbí náà ni wọ́n ti máa gbéra. Bí iná ṣe sọ lábẹ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì náà tó sì ń gòkè, ọmọ náà fò sókè, ó ń pàtẹ́wọ́. Màmá wò ó títí, wọ́n ní: "Kí ni bàbá yìí gbàgbé sójú ọ̀run tó ń lọ mú?" Kí n tó lanu, wọ́n tún béèrè: "Owó ta ni wọ́n sì fi ń ṣe é?"

Inú bí ọmọ mi. Ó ní Màmá Àgbà kì í fẹ́ kéèyàn ṣe nǹkan tuntun. Màmá náà fèsì pé ọmọ tí ò tíì fi òógùn ara rẹ̀ wá owó rí ló máa ń pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó ń fi owó ṣòfò. Gbogbo ìrìn àjò Bezos yẹn, àlọ àti àbọ̀, ò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 lọ, ṣùgbọ́n ìjà tó dá sílẹ̀ nílé mi lé ní ọ̀sẹ̀ kan.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ṣàkíyèsí ohun tí àwọn èèyàn ń sọ nígbàkigbà tí ilé-iṣẹ́ aládàáni bá gbé èèyàn lọ sókè. Mo rí i pé ìjà ilé mi kì í ṣe tuntun rárá. Mo kọ ọ́ síbí fún òbí tó bá bá ara rẹ̀ láàárín ọmọ àti ìyá bíi tèmi, kó lè mọ ohun tó máa sọ.

ORÍṢI MÉJÌ LÓ WÀ

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Láti ọdún 1961 tí Yuri Gagarin ti ilẹ̀ Soviet ti yí ayé po, ìjọba ló ń gbé èèyàn lọ sí gbalasa òfuurufú, ibi tí afẹ́fẹ́ tí à ń mí ti tán. Rọ́kẹ́ẹ̀tì aládàáni ni èyí tí ilé-iṣẹ́ tàbí olówó kan ṣe tó sì jẹ́ tirẹ̀, yálà owó àpò rẹ̀ ló fi ń gbé e fò, tàbí ìjọba ló háyà rẹ̀.

Oríṣi kìíní dà bí ìgbà téèyàn ju ọsàn sókè. Ó lọ tààrà, ó dúró díẹ̀, ó sì padà wálẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé 100 kìlómítà sókè ni ẹnu ààlà gbalasa òfuurufú. Amẹ́ríkà ní tirẹ̀ ń kà á láti nǹkan bí 80 kìlómítà. Àwọn tó wọ irú rọ́kẹ́ẹ̀tì yìí máa ń léfòó fún ìṣẹ́jú mélòó kan, wọ́n á rí bí ayé ṣe rí roboto, ó tán.

Oríṣi kejì ni èyí tó ń yí ayé po. Ó ní láti sáré tó nǹkan bí 28,000 kìlómítà ní wákàtí kan kó má baà jábọ́, á sì yí ayé po lẹ́ẹ̀kan ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 90. Agbára àti owó tí èyí ń gbà ju ti àkọ́kọ́ lọ fíìfíì. Nígbà tí ẹnì kan bá ń yin rọ́kẹ́ẹ̀tì, tí ẹnìkejì sì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè bóyá oríṣi kan náà làwọn méjèèjì ń sọ. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

2004: ASÁLẸ̀ MOJAVE

Ọdún 2004 ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, ní ìlú kékeré Mojave ní California. Wọ́n ti gbé ẹ̀bùn 10 mílíọ̀nù dọ́là kalẹ̀, Ansari X Prize, fún ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ tí kì í ṣe ìjọba, tó bá ṣe ọkọ̀ tó lè gba èèyàn mẹ́ta, tó sì gbé e lọ sí 100 kìlómítà lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Burt Rutan, ẹni tó ti ń ya àwòrán bàálù tipẹ́, àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní Scaled Composites ló ṣe SpaceShipOne. Paul Allen, ọ̀kan nínú àwọn méjì tó dá Microsoft sílẹ̀, ló sanwó rẹ̀, owó náà sì lé ní 20 mílíọ̀nù dọ́là. Ẹ ò rí i pé owó tí wọ́n ná ju ẹ̀bùn tí wọ́n ń lé lọ.

Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà, Mike Melvill, ẹni ọdún 63 tí wọ́n bí ní Johannesburg ní South Africa, wà á kọjá 100 kìlómítà. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó wa ọkọ̀ aládàáni dé gbalasa òfuurufú. Nígbà tó dé òkè, ó tú súìtì ṣokoléètì M&M's sílẹ̀ nínú ọkọ̀, wọ́n sì ń léfòó káàkiri iwájú rẹ̀.

Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló ti dúró sínú asálẹ̀ láti òru. Nígbà tó balẹ̀, wọ́n gba pátákó kan lọ́wọ́ ẹnì kan láàárín èrò, Melvill sì dúró sórí ọkọ̀ náà, ó gbé e sókè. Ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ ni "SpaceShipOne, GovernmentZero". Ìyẹn ni pé aládàáni gba ọ̀kan, ìjọba gba òdo. Bí inú àwọn èrò ṣe dùn nìyẹn: ìwọ̀nba èèyàn, nínú ilé ìkẹ́rù-bàálù ní asálẹ̀, ti ṣe ohun tí wọ́n ní ìjọba nìkan ló lè ṣe.

Àwọn mìíràn ò pàtẹ́wọ́. Wọ́n rán aráyé létí pé ìjọba Amẹ́ríkà ti gbé Alan Shepard lọ jù bẹ́ẹ̀ lọ ní 1961, tó fi 187 kìlómítà gòkè. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òótọ́ ibẹ̀ ò pa ayọ̀ yẹn. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá ọdún 2004, Brian Binnie wà á lọ sí nǹkan bí 112 kìlómítà, wọ́n sì gba ẹ̀bùn náà. Lónìí, SpaceShipOne wà ní mùsíọ́ọ̀mù Smithsonian ní Washington.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ní ọdún 2007, nǹkan bú gbàù níbi tí wọ́n ti ń dán ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì wò ní Mojave, òṣìṣẹ́ mẹ́ta sì kú. Ní ọdún 2014, ọkọ̀ tó tẹ̀lé SpaceShipOne já sí wẹ́wẹ́ lójú ọ̀run, ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ méjì, Michael Alsbury, sì bá a lọ. Nígbà náà ni ohùn àwọn èèyàn yí padà, tí wọ́n ń béèrè bóyá ó yẹ kí èèyàn fi ẹ̀mí dí ìgbádùn olówó. Lẹ́yìn 2004, ọdún 14 kọjá kí èèyàn tó tún fi ọkọ̀ aládàáni dé gbalasa òfuurufú, ní oṣù kejìlá 2018.

2020: PÀTẸ́WỌ́ PẸ̀LÚ OMIJÉ

Ti ọdún 2020 ni oríṣi kejì, èyí tó ń yí ayé po. Ní ọjọ́ 30 oṣù karùn-ún, rọ́kẹ́ẹ̀tì Falcon 9 ti SpaceX, ilé-iṣẹ́ Elon Musk, gbé Doug Hurley àti Bob Behnken láti Kennedy Space Center ní Florida lọ sí ibùdó tó wà lókè, International Space Station. Ó yẹ kó gbéra lọ́jọ́ 27, ṣùgbọ́n òjò àti mànàmáná dá a dúró nígbà tó ku ìṣẹ́jú bíi 17. Òun ni ìgbà àkọ́kọ́ tí ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ aládàáni gbé èèyàn lọ yí ayé po, òun sì ni ìgbà àkọ́kọ́ láti 2011 tí Amẹ́ríkà fi ilẹ̀ ara rẹ̀ gbé èèyàn débẹ̀. Láàárín ọdún mẹ́sàn-án yẹn, owó ni wọ́n ń san fún Rọ́ṣíà láti wọ ọkọ̀ wọn.

Ẹ rántí bí ayé ṣe rí lásìkò yẹn. Kòrónà wà níta, NASA sì bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n jókòó sílé wò ó. Wọ́n ò gbọ́. Etíkun àti afárá kún. Ọjọ́ márùn-ún ṣáájú ni wọ́n pa George Floyd ní Minneapolis. Ìròyìn á fi rọ́kẹ́ẹ̀tì hàn, á sì tún fi iná àti ìwọ́de hàn. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú níbí ò mọ èyí tí à bá fi ojú wò. Àwọn kan ní ìròyìn ayọ̀ kan ṣoṣo tó kù nìyẹn. Àwọn kan ní kí ni ti rọ́kẹ́ẹ̀tì nígbà tí ọmọ èèyàn ò lè mí.

Ọ̀rọ̀ yẹn náà kì í ṣe tuntun. Ní oṣù keje 1969, lọ́jọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí Apollo 11 gbéra, Ralph Abernathy, tó gba ipò Martin Luther King, kó àwọn tálákà lọ sí ẹnubodè Kennedy pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ tí ìbaaka ń fà. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Olórí NASA, Thomas Paine, jáde lọ bá wọn. Ó ní bí àìtẹ bọ́tìnnì rọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́la bá lè mú ìṣẹ́ kúrò, àwọn ò ní tẹ̀ ẹ́. Ó ní kí àwọn ìdílé kan wọlé wá wò ó, ó sì bẹ Abernathy pé kó gbàdúrà fún àwọn tó ń lọ. Ó gbàdúrà náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: ẹni tó wá fẹ̀hónú hàn náà ló gbàdúrà ìrìn àjò.

Àwọn tó fi ọ̀rọ̀ ọdún 2020 ṣàwàdà náà wà. Lọ́dún 2014, Dmitry Rogozin, aláṣẹ kan ní Rọ́ṣíà, ti fi Amẹ́ríkà ṣe yẹ̀yẹ́ pé kí wọ́n máa fi trampoline, èyí tí àwọn ọmọdé ń fò lé lórí, gbé èèyàn wọn lọ sókè. Lẹ́yìn tí rọ́kẹ́ẹ̀tì gbéra, Musk ní trampoline àwọn ń ṣiṣẹ́ o. Nígbà tí àwọn méjèèjì sì padà wálẹ̀ sínú òkun nítòsí Pensacola ní ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ, ọkọ̀ ojú omi aráàlú ya bo ibẹ̀, wọ́n sún mọ́ ọn débi pé àwọn aláṣẹ ń lé wọn.

Kí lèsì ìbéèrè Màmá níbí? Owó ta ni? Owó tiwa náà wà níbẹ̀. Lọ́dún 2014, NASA fún SpaceX ní iṣẹ́ tí iye rẹ̀ tó 2.6 bílíọ̀nù dọ́là. Owó orí ni. Ẹni tó bá ń san owó orí ní Amẹ́ríkà, yálà ó ń wa takisí tàbí ó ń ṣe nọ́ọ̀sì òru, ti dá owó sí i. Nítorí náà, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti pàtẹ́wọ́, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè.

2021: OLÓWÓ FÚNRA RẸ̀ WỌ Ọ̀KỌ̀

Ọdún tí ìjà wọ ilé mi nìyí. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje, Richard Branson, olówó ará Britain, wọ ọkọ̀ Virgin Galactic láti New Mexico. Ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn rẹ̀ ni Bezos lọ, òun àti àbúrò rẹ̀ Mark, Wally Funk ẹni ọdún 82, àti Oliver Daemen, ọmọ ọdún 18 láti Netherlands. Oríṣi àkọ́kọ́ ni ti àwọn méjèèjì, ti àlọ-àbọ̀ kíá. Bezos dé nǹkan bí 107 kìlómítà.

Kí ó tó lọ, èèyàn tó ju 100,000 lọ ti fọwọ́ sí ìwé kan pé kí wọ́n má jẹ́ kó padà sáyé mọ́. Nígbà tó balẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo òṣìṣẹ́ Amazon àti gbogbo oníbàárà, ó ní àwọn ló sanwó rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ló bu epo síná. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ilé ìkẹ́rù mọ ohun tí ojú wọn ń rí. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa wà níbẹ̀. Wọ́n ní bí àwọn bá sanwó rọ́kẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n fi kún owó oṣù àwọn. Lọ́jọ́ kan náà, Earl Blumenauer, aṣòfin láti Oregon, ní òun fẹ́ kí wọ́n fi owó orí lé ìrìn àjò afẹ́ sí gbalasa òfuurufú. Ìyẹn tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ọmọdékùnrin Daemen yẹn sọ fún Bezos pé òun ò ra nǹkan kan lórí Amazon rí.

Ṣùgbọ́n ẹ wo apá kejì. Wally Funk yege ìdánwò tí wọ́n fi ń yan awakọ̀ gbalasa òfuurufú ní 1961, wọn ò sì gbé e nítorí pé obìnrin ni. Ó dúró fún ọdún 60. Ọ̀pọ̀ tó ń bú Bezos ló rẹ́rìn-ín nígbà tí màmá yìí jáde tó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Màmá mi náà rẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ní àwọn ò rẹ́rìn-ín.

Ní oṣù kẹwàá, William Shatner, òṣèré ẹni ọdún 90, lọ pẹ̀lú Blue Origin. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ Prince William jáde lórí BBC ní Lọ́ńdọ̀nù: ó ní ó yẹ kí àwọn ọlọ́pọlọ ayé gbájú mọ́ títún ayé yìí ṣe, kì í ṣe wíwá ibòmíràn tí a máa lọ gbé. Shatner fèsì pé ọmọ ọba ò lóye ọ̀rọ̀ náà. Ó dùn mọ́ni pé nígbà tí Shatner fúnra rẹ̀ balẹ̀, ẹkún ló ń sun.

Ìrìn àjò kan wà lọ́dún náà tí ohùn àwọn èèyàn rọ̀ sí. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án, Jared Isaacman háyà ọkọ̀ SpaceX, òun àti àwọn mẹ́ta mìíràn sì fi ọjọ́ mẹ́ta yí ayé po. Wọ́n fi wá owó fún ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé St. Jude ní Memphis, owó náà sì ju 200 mílíọ̀nù dọ́là lọ. Hayley Arceneaux, tí St. Jude wo jẹjẹrẹ egungun rẹ̀ sàn nígbà tó wà lọ́mọdé, wà níbẹ̀. Sian Proctor sì di obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó jẹ́ awakọ̀ ọkọ̀ gbalasa òfuurufú. Olówó náà ni Isaacman, ṣùgbọ́n aráyé rí ẹlòmíràn jẹ nínú oúnjẹ rẹ̀.

2025: Ó KAN ỌMỌ WA

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹrin 2025, Blue Origin gbé obìnrin mẹ́fà, àwọn bíi Katy Perry olórin àti Gayle King oníròyìn, fún ìṣẹ́jú bíi 11. Èébú tí wọ́n jẹ pọ̀ ju oríyìn lọ. Àwọn kan ní ìpolówó ọjà lásán ni. Wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé pé Aisha Bowe, onímọ̀ ẹ̀rọ tó ti ṣiṣẹ́ ní NASA, tí ìdílé rẹ̀ wá láti Bahamas, wà lára wọn.

Lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà 2025, Blue Origin gbé èèyàn mẹ́fà mìíràn. Ọ̀kan nínú wọn ni Owolabi Salis, agbẹjọ́rò tí wọ́n bí ní Nàìjíríà, tó ti díje fún ipò gómìnà ìpínlẹ̀ Èkó ní 2019. Ìwé ìròyìn ilé gbé e jáde pé ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó dé gbalasa òfuurufú nìyẹn.

Lọ́jọ́ yẹn, kí n tó gbọ́ rárá, fóònù mi dún. Màmá ni, láti Abẹ́òkúta. "Ṣé o ti gbọ́? Ọmọ wa ti dé ojú ọ̀run o!" Mo ní, "Màmá, owó ta ni?" Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n bú sẹ́rìn-ín: "Owó rẹ̀ ni jàre! Ṣé èmi ni mo ní kó má ná an?"

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà yé mi. Rọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà ni. Ilé-iṣẹ́ kan náà ni. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá náà ni. Ohun tó yàtọ̀ ni pé Màmá rí ẹni tirẹ̀ nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní Mojave, bẹ́ẹ̀ ló rí fún àwọn tí Abernathy kó lẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ló rí fún Wally Funk. Kò sẹ́ni tó kórìíra kéèyàn fò. Ohun tó ń dun àwọn èèyàn ni kí wọ́n dá owó sí nǹkan, kí wọ́n má sì rí ara wọn níbẹ̀.

OHUN TÍ MO SỌ FÚN ỌMỌ MI

Ìbéèrè mẹ́ta ni mo fún un, ẹ lè fún tiyín náà. Ìkíní, ibo ló dé: ṣé àlọ-àbọ̀ ni àbí ó yí ayé po? Ìkejì, owó ta ni: ti àpò ara ẹni, ti oníbàárà, àbí owó orí? Ìkẹta, ta ló jàǹfààní: ta ló wọ ọkọ̀, ta ló rí iṣẹ́, ta ló kú sídìí rẹ̀? Ẹni tó bá ti dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè pàtẹ́wọ́ tàbí kó kùn, kò ní sọ̀rọ̀ òfìfo.

Lórí ìkẹta yẹn, ẹ jẹ́ kí n fi kinní kan kún un fún àwọn òbí. Òfin Amẹ́ríkà ka ìmọ̀ rọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́ ti ohun ìjà. Ìdí nìyẹn tí àwọn ilé-iṣẹ́ yìí fi sábà máa ń gba kìkì ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ẹni tó ní gíríìnì káàdì, tàbí ẹni tí wọ́n fún ní ààbò gẹ́gẹ́ bí olùwá-ibi-ìsádi. Bí ọmọ yín bá nífẹ̀ẹ́ sí iṣẹ́ yìí, tí ó sì wà lórí físà ilé-ìwé, ẹ tètè mọ̀, kó má baà jẹ́ pé lẹ́yìn tó kàwé tán ni yóò gbọ́.

Ọmọ mi ti dàgbà báyìí, fọ́ọ̀mù yunifásítì ló ń kọ, ìmọ̀ ẹ̀rọ ọkọ̀ òfuurufú ló sì fẹ́ kà. Èmi tó ń sọ fún un pé kó ṣe dókítà ti dákẹ́. Ó pe ìyá àgbà rẹ̀ lórí fóònù láti sọ fún wọn. Màmá gbọ́ tán, wọ́n súre fún un, wọ́n sì ní: "Ọmọ mi, bí o bá ṣe é tó fò, má gbàgbé láti béèrè owó ta ni o." Ọmọ náà ní, "Ẹ̀ẹ́n, Màmá, màá béèrè."

Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. A nílò ẹni tó ń fò sókè níwájú tẹlifíṣọ̀n, a sì nílò ẹni tó jókòó tó ń béèrè. Kí Olúwa dá àwọn ọmọ wa sí fún wa.